Bodè Tí Kò Mọ Rárá Í Sọ

Ní ilẹ̀ Yewa, kò sí ẹni tí wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé bodè fún. Láti Ìlaròó dé Ọ̀wọdé, láti Ọ̀wọdé dé Ìdíìrókò, ibùdó àyẹ̀wò kan ń tẹ̀lé òmíràn lójú títì. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti bodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí ti Ìdíìrókò kò sì ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, ọjà tí kò rí ojú títì gbà ń wá ọ̀nà inú igbó. Fàyàwọ́ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dàgbà sí ẹ̀bá bodè mọ ohun kan tí àlejò kì í tètè mọ̀: fàyàwọ́ tí ó léwu jù kì í ṣe èyí tí ó gba inú igbó lóru. Èyí tí ó gba ojú títì kọjá lọ́sàn-án gangan, tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, nítorí pé aṣọ́bodè ti gba owó kí ó tó wo ẹrù, òun ni ó burú jù. Ẹni tí ó bá rà á lọ́jà yóò gbẹ́kẹ̀ lé òǹtẹ̀ náà.

Ìmọ̀ náà ní bodè tirẹ̀. Jọ́nà ni wọ́n ń pe ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ lágbàáyé ni Philosophical Transactions, tí Henry Oldenburg, akọ̀wé ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, dá sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1665. Lásìkò náà, olóòtú ni ó ń pinnu ohun tí yóò jáde. Ó pẹ́ kí àṣà tí ayé mọ̀ lónìí tó fìdí múlẹ̀. Jọ́nà Nature pàápàá, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, ọdún 1973 ni ó tó sọ ọ́ di ìlànà pé gbogbo àpilẹ̀kọ ìwádìí gbọ́dọ̀ lọ sọ́wọ́ àwọn olùyẹ̀wò láti ìta.

Àyẹ̀wò akẹgbẹ́ ni àṣà náà. Bí onímọ̀ kan bá kọ àbájáde ìwádìí rẹ̀, olóòtú yóò fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n jọ mọ iṣẹ́ kan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, òǹkọ̀wé kì í mọ orúkọ wọn. Wọn kì í gba owó. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n béèrè ìbéèrè tí kò rọrùn: oko mélòó ni o dé? Báwo ni o ṣe kà á? Ǹjẹ́ àwọn tí o fi ṣe ìwádìí gbà kí o lò wọ́n? Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni èyí, àbí o wò ó kọ láti inú iṣẹ́ ẹlòmíràn? Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò sọ bóyá kí iṣẹ́ náà jáde, kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá a padà. Yorùbá kò nílò kí Lọ́ńdọ̀nù kọ́ òun ní ọgbọ́n yìí. Ó pẹ́ tí àwọn àgbà ti ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé nípa iṣẹ́ ara rẹ̀, ẹjọ́ ẹnìkan ni títí ẹlòmíràn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà kan, àwọn ilé-ìkàwé ni ó ń san owó jọ́nà. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ọ̀nà tuntun là: kí ìwé wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo òǹkàwé, kí òǹkọ̀wé sì san owó ìtẹ̀wé. Èrò rere ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Ayétòrò lè ka ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà ní Lọ́ńdọ̀nù láìsan kọ́bọ̀. Kì í ṣe pé gbogbo jọ́nà tí ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé jẹ́ jọ́nà èké. Nature náà gbé owó irú èyí kalẹ̀ ní ọdún 2021, €9,500 sì ni nígbà náà. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ìgbà tí iṣẹ́ bá wọlé nìkan ni owó ń wọlé. Bí olóòtú bá ti sọ pé rárá, ó ti pàdánù nìyẹn. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rí ọkàn yóò fara mọ́ àdánù náà. Ẹni tí kò bá ní, yóò dẹ́kun àtimáa sọ pé rárá.

Ní nǹkan bí ọdún 2010, Jeffrey Beall, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Yunifásítì Colorado ní ìlú Denver, bẹ̀rẹ̀ sí kó orúkọ irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì pè wọ́n ní apẹranjẹ. Títí di oṣù kìíní ọdún 2017 ni àwọn ènìyàn fi ń rí àkójọ náà kà lójú òpó rẹ̀. Ní ọdún 2013, oníròyìn kan tí ń jẹ́ John Bohannon dẹ pàkúté. Ó kọ ìwádìí èké kan nípa oògùn jẹjẹrẹ, ó kún un fún àṣìṣe tí ó yẹ kí olùyẹ̀wò èyíkéyìí rí, ó fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. Jọ́nà 157 gbà á, 98 péré ni ó kọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn nínú àwọn tí ó gbà á wà lábẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńláńlá. Orúkọ tí ó fi sí i sì jẹ́ orúkọ àwọn onímọ̀ Áfíríkà tí kò sí, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Áfíríkà tí kò sí. 

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́. Àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà pe ilé-iṣẹ́ OMICS ti orílẹ̀-èdè Íńdíà lẹ́jọ́ ní ọdún 2016. Ẹ̀sùn wọn ni pé ó ń purọ́ pé òun ń ṣe àyẹ̀wò akẹgbẹ́, ó ń to orúkọ àwọn onímọ̀ sára ìgbìmọ̀ olóòtú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ó sì ń fi owó ìtẹ̀wé pamọ́ títí iṣẹ́ yóò fi wọlé. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, adájọ́ dá a lẹ́bi, ó ní kí ó san owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Ṣáájú ìgbà náà, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015 ti ṣe ìṣirò pé àpilẹ̀kọ tí irú àwọn jọ́nà wọ̀nyí ń tẹ̀ lọ́dún kan fò láti 53,000 ní ọdún 2010 sí nǹkan bí 420,000 ní ọdún 2014. Nínú òǹkọ̀wé mẹ́rin, bí mẹ́ta ni ó wá láti Éṣíà àti Áfíríkà.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ Áfíríkà? Ilẹ̀ Yewa ní Pólì ìjọba àpapọ̀ ní Ìlaròó láti ọdún 1979, ó sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ayétòrò. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga Nàìjíríà, iye iṣẹ́ tí olùkọ́ bá tẹ̀ jáde wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbé e ga. Ẹ fojú inú wo olùkọ́ kan. Kì í ṣe ẹni pàtó, irú rẹ̀ wà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Kíláàsì rẹ̀ kún àkúnya. Ó ń máàkì ìwé ìdánwò ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́. Owó ara rẹ̀ ni ó fi ń ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ kí ó tó lè tẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ọdún méjì ṣe ìwádìí kan, jọ́nà gidi kan sì dá a padà lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú ojú ìwé mẹ́ta tí ó kún fún ìbéèrè. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ímeèlì kan dé. Ó pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ ti kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni àyẹ̀wò yóò gbà, kí ó sáà fi dọ́là ránṣẹ́. Orúkọ jọ́nà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù. Ẹni tí ó wà ní ọ́fíìsì kejì ti san tirẹ̀ lọ́dún tí ó kọjá, wọ́n sì ti gbé e ga.

Ó rọrùn láti bú ẹni tí ó bá sanwó náà. Ó ṣòro díẹ̀ láti bi ara ẹni léèrè ẹni tí ó gbé ọ̀nà náà kalẹ̀ fún un. Ní ọdún 2014, Ọ̀mọ̀wé Ayokunle Omobowale àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nínú jọ́nà Current Sociology lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n fi hàn pé bí àwọn fásitì Nàìjíríà ṣe ń béèrè iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ ní òkè òkun wà lára ohun tí ń ti olùkọ́ sọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé tí owó nìkan ni wọ́n ń wò. Òfin tí wọ́n ṣe kí iṣẹ́ lè gbayì ni ó wá ń fún irọ́ ní ọjà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni èyí, pé kò kan ẹni tí ń ta gàárì lọ́jà Ayétòrò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020 fi hàn pé ó kàn án. Ní oṣù kẹta ọdún náà, nígbà tí àrùn Kòrónà ń gbilẹ̀, àwọn dókítà kan ní ìlú Marseille ní ilẹ̀ Faransé fi ìwádìí kan ránṣẹ́ sí jọ́nà pé oògùn hydroxychloroquine ń ṣiṣẹ́ lórí àrùn náà. Aláìsàn 36 péré ni wọ́n fi ṣe é. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà ni iṣẹ́ dé ọwọ́ jọ́nà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbà á. Ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ sì ni olóòtú àgbà jọ́nà náà. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ààrẹ Amẹ́ríkà, Donald Trump, yin oògùn náà fún gbogbo ayé gbọ́. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí àwọn aláṣẹ ìlera ní Èkó fi kéde pé wọ́n ti gbé àwọn ènìyàn wá sí ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n lo chloroquine ní àlòjù. Ìgbà tí ó di oṣù kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n tó fa àpilẹ̀kọ náà sẹ́yìn, nítorí ìbéèrè lórí ìlànà ìwà tí ó tọ́ àti lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Àyẹ̀wò ọjọ́ kan ṣoṣo gba ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́sàn-án láti tún ṣe.

Bodè ńlá náà máa ń sùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 kan náà, The Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí ó sọ òdìkejì: pé oògùn náà ń mú kí aláìsàn kú. Àkọsílẹ̀ aláìsàn tí ó lé ní 96,000 láti ilé ìwòsàn 671, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Surgisphere, ni wọ́n ní àwọn lò. Àjọ ìlera àgbáyé dá ìdánwò oògùn náà dúró. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún kọ lẹ́tà ìbéèrè, ọ̀kan nínú ohun tí ó sì yà wọ́n lẹ́nu ni iye aláìsàn tí ìwádìí náà sọ pé ó wá láti Áfíríkà. Surgisphere kọ̀ láti fi àkọsílẹ̀ náà hàn àwọn olùyẹ̀wò, wọ́n sì fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé òkè òkun ni ẹ̀rí òtítọ́, kí ó tún rò ó. Orúkọ ibi tí jọ́nà ti wá kò tó. Ohun tí ó tó ni ẹni tí ó wò ó, bí ó ṣe wò ó, àti bóyá ó lómìnira láti sọ pé rárá.

Àwọn oníròyìn pẹ̀lú ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ìwé ìròyìn Nàìjíríà gbé e pé olùkọ́ kan ní fásitì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ti yanjú ìṣòro ìṣirò kan tí Bernhard Riemann ará Jámánì fi sílẹ̀ láti ọdún 1859, tí ẹ̀bùn mílíọ̀nù kan dọ́là wà lórí rẹ̀. BBC náà gbé e. Ṣùgbọ́n òfin Clay Mathematics Institute tí ó ni ẹ̀bùn náà ṣe kedere: iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń yẹ iṣẹ́ wò, kí ọdún méjì sì kọjá lórí rẹ̀ kí àwọn onímọ̀ ìṣirò tó jọ gbà pé ó tọ́. Ìṣòro náà ṣì wà láìyanjú títí di òní. Ariwo ayọ̀ ti tán kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀, ìtìjú sì wá bá ẹni tí ìyìn ti kọ́kọ́ bá.

Ilẹ̀ Yewa ní àwòkọ́ṣe tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ̀wé lórí ohun tí ojú àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn rí lábẹ́ Faransé àti lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1889 sí 1945. Ìwé náà jáde ní ọdún 1976. Bí ó bá fẹ́, ìhà kan bodè ìbá tó o. Ó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ta ni yóò já a ní koro? Ṣùgbọ́n ìhà méjèèjì ni ó yẹ̀ wò, ó gbé ti Kétu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìmẹ̀kọ, ẹni tí ó bá sì fẹ́ jiyàn lè tọ ipasẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀. Ní ọdún 1976 kan náà, iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣí kúrò nílùú láti fi ìbínú wọn sí ìjọba amúnisìn hàn jáde nínú Journal of African History. Títí di òní, ẹni tí ó bá ń kọ̀wé lórí bodè Áfíríkà kò lè fo orúkọ rẹ̀. Ohun tí àyẹ̀wò ń ṣe fún òǹkọ̀wé nìyẹn: ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ ju ìgbéga rẹ̀ lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Nígbà tí àrùn mòsáíkì ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́, ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, mú irú ẹ̀gẹ́ tí ó lè dúró sí àrùn náà jáde. TMS 30572 jẹ́ ọ̀kan tí ó tàn káàkiri. Àgbẹ̀ kò ka jọ́nà kan kí ó tó gbìn ín. Ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ó kà á. Bí ẹni àkọ́kọ́ nínú okùn náà bá ti purọ́ nípa iye ajílẹ̀ tàbí agbára oògùn kòkòrò, irọ́ náà yóò rin ìrìn àjò láti jọ́nà dé ìwé ìlànà, láti ìwé ìlànà dé ẹnu òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ó tó balẹ̀ sínú oko ẹni tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ti gba owó ní bodè. Ọdún kan ni yóò fi mọ̀, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni yóò sì fi mọ̀ ọ́n.

Kí ni ṣíṣe? Ìlànà kò wọ́n. Láti ọdún 1997 ni àjọ COPE ti ń fún àwọn olóòtú ní ìtọ́sọ́nà lórí jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ, lórí olùyẹ̀wò tí ó ní èrè nínú ọ̀rọ̀, àti lórí ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Láti ọdún 1998 ni African Journals Online ti ń kó jọ́nà Áfíríkà jọ síbi tí gbogbo ayé ti lè rí wọn. Ní San Francisco, lópin ọdún 2012, àwọn olóòtú àti òǹtẹ̀wé kan fìmọ̀ ṣọ̀kan pé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n máa fi ṣe ìdájọ́ onímọ̀, kì í ṣe orúkọ jọ́nà tí ó ti jáde. Ohun tí ó wọ́n ni àkókò àti ìgboyà láti ka ohun tí ẹnì kan kọ.

Ní òdìkejì bodè, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin wà ní Kétu. Níbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ìgbéga sí ipò gíga yóò fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí CAMES, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1968, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ouagadougou. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti orílẹ̀-èdè mìíràn, tí kò mọ bàbá rẹ̀, tí kò sì jọ bá a jẹun, ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Nàìjíríà náà ń fi iṣẹ́ ẹni tí ó fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ sí àwọn olùyẹ̀wò láti ìta. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó dé ibẹ̀, iye ìwé ni ó ti gbé e gun ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn. Bí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá lè sọ pé kí olùkọ́ mú iṣẹ́ mẹ́ta tí ó dára jù wá dípò ogún, kí ẹnì méjì jókòó kà wọ́n, kí wọ́n sì pè é wá dáhùn ìbéèrè, ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́ta yóò tú. Kò sí ẹni tí yóò fi dọ́là ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kà sí nǹkan.

Ní ti olùkọ́ tí ímeèlì náà wà lójú rẹ̀, ìbéèrè kan péré ni ó yẹ kí ó bi jọ́nà náà kí ó tó wá dọ́là: ìgbà wo ni ẹ sọ pé rárá kẹ́yìn, ta ni ẹ sì sọ ọ́ fún? Jọ́nà gidi yóò ní ìdáhùn. Ojú ìwé mẹ́ta tí ó kún fún ìbéèrè, tí ó bà á nínú jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà méjì tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó jókòó kọ ọ́. Wọ́n ka iṣẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lára gbogbo àwọn tí ó kọ̀wé sí i lọ́dún náà, àwọn nìkan ni ó bọ̀wọ̀ fún un.